Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ní agbára lóòótọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ìwádìí mi

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń ṣe másítàsì lọ́wọ́ n'Íbàdàn. Àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 sí 17 tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ àti iṣẹ́ onídìrí ni mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ yìí ń ró wọn lágbára lóòótọ́, àbí ọwọ́ ìyá ni wọ́n kàn ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá, tí wọ́n á tún ti ọwọ́ ọ̀gá bọ́ sọ́wọ́ ọkọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n lo ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ti ń lò nílẹ̀ òkèèrè. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ládùúgbò wa láti dán an wò. "Ṣé o gbà pé ó yẹ kí ọmọbìnrin kàwé tó ọmọkùnrin?" "Bẹ́ẹ̀ ni mà." "Ṣé o gbà pé ọmọbìnrin lè sọ èrò ọkàn rẹ̀ nínú ilé?" "Bẹ́ẹ̀ ni mà." Bí gbogbo wọn ṣe dáhùn nìyẹn títí ìwé fi tán. Ọmọ kan tiẹ̀ ń kọ́kọ́ wojú ọ̀gá rẹ̀ níbi tí ìyẹn ti ń gé aṣọ kó tó lanu. Ìdáhùn wọn ò bá ohun tí mo fojú ara mi rí níbẹ̀ mu rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, tàbí tẹ́ ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é tó yọrí, kí ni kí n bi wọ́n? Báwo ni kí n sì ṣe bi wọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà
8:55 àárọ̀

Àbẹ̀kẹ́, o káre. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ jọ tí wọ́n sì ń fi kọ ìwé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọ̀dọ́langba ṣe ìwádìí, ohun tí mo sì rí ni pé èrò yàtọ̀ sí agbára. Ọmọ lè gbà pé ó yẹ kóun kàwé, kó má sì sẹ́ni tó máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ nílé ìwé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Naila Kabeer kọ ọ́ lọ́dún 1999 pé nǹkan mẹ́ta ló so pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ohun tó wà níkàáwọ́ èèyàn, àṣẹ tó ní láti fi ṣe ohun tó yàn, àti ohun tó tìdí ẹ̀ yọ. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n fún ọ yẹn ò kan ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ọmọ náà rò pé o fẹ́ gbọ́ ló ń wọ̀n.

Owó ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Má bi í pé ṣé ó láṣẹ lórí owó rẹ̀. Bi í pé, nígbà tí oníbàárà fún ọ lówó kẹ́yìn, kí lo ṣe fún un? Èló ni? Ibo lo fi í sí? Ta ló mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Kí ni wọ́n padà ná an sí? Mo rántí ọmọ onídìrí kan tó sọ fún mi pé gbogbo owó tí àwọn oníbàárà bá fi ta òun lọ́rẹ lòun ń sọ sínú kólò. Inú mi ti ń dùn. Mo wá bi í pé ta ló fọ́ kólò náà. Ó ní ìyá òun ni, torí owó gáàsì. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún un. Ó ní rárá, ìgbà tóun dé láti ṣọ́ọ̀bù lòun bá a ní fífọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ká ní mo dúró síbi "ṣé o máa ń fowó pamọ́?", "bẹ́ẹ̀ ni" ni mi ò bá kọ sílẹ̀, mi ò bá sì kà á mọ́ àwọn tó lágbára.

Lẹ́yìn ìyẹn, kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Tí ọ̀gá bá ti jókòó síbẹ̀, ọ̀gá lò ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Tóyọ̀sí ní Kampala
9:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kampala ní Uganda ni mo ń gbé, mo sì fẹ́ sọ nípa ohun tí BRAC, àjọ aládàáni kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Bangladesh, ṣe níbí, torí ó sún mọ́ ti Àbẹ̀kẹ́ gan-an. Ọdún 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní ELA (Empowerment and Livelihood for Adolescents). Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 14 sí 20, wọ́n gba yàrá kan fún un láàárín àdúgbò, wọ́n ń ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti jáde, kí ẹni tó ń lọ ilé ìwé àti ẹni tí kò lọ mọ́ lè jọ wá. Ọ̀dọ́bìnrin ọmọ àdúgbò náà, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù wọ́n lọ, ló ń darí wọn. Wọ́n ń ṣeré níbẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa oyún, HIV àti ìfipábánilòpọ̀, wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́: irun ṣíṣe, aṣọ rírán, adìyẹ sísìn.

Ibi tó kan ìwádìí nìyí. Àdúgbò 150 ni wọ́n kó jọ, wọ́n ṣẹ́ kèké, 100 rí ẹgbẹ́ gbà, 50 yòókù ò rí gbà. Oriana Bandiera àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ń tọpa àwọn ọmọbìnrin ní apá méjèèjì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ní àdúgbò tó ní ẹgbẹ́, iye àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn wá owó fi ìpín 48 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Oyún àwọn ọ̀dọ́langba dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn tó sọ pé wọ́n bá àwọn lòpọ̀ láìfẹ́ dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta bákan náà. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ́mọ ni, kò sí "ṣé o gbà pé" nínú wọn.

Wọ́n tún gbé ètò kan náà lọ sí Tanzania, kò sì fi bẹ́ẹ̀ so èso. Owó ò tó níbẹ̀, ibi ìpàdé ṣòro, ohun èlò ò pé. Èyí ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Àbẹ̀kẹ́, tí o bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ọmọ yìí ń kọ́ṣẹ́," jọ̀ọ́, wo ohun tó ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣé wọ́n ti jẹ́ kó fọwọ́ kan síṣọ́ọ̀sì, àbí omi ló ń pọn, tó ń gbé ọmọ ọ̀gá pọ̀n, tó ń sáré lọ ra bọ́tìnnì? Ọmọ iṣẹ́ lorúkọ àwọn méjèèjì lórí ìwé.

Bàbá Ọ̀yọ́
11:20 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Mo ń ka ohun tí ẹ ń kọ, kò sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ọmọ tó wojú ọ̀gá kó tó dáhùn, ṣé àìlágbára lẹ fẹ́ pe ìyẹn? Ẹ̀kọ́ ilé ni nílẹ̀ yìí. Ọmọ mi obìnrin kọ́ṣẹ́, ó ń kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ títí ó fi gba òmìnira. Lónìí, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá gbé òṣùwọ̀n wá láti ibòmíràn, tí ẹ wá ní ọmọ tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ kò lágbára, ẹ ó kọ irọ́ mọ́ wa.

Ìkejì, ṣé kò sí ọmọkùnrin nílùú ni? Ẹ lọ sí ọgbà mẹkáníìkì, ẹ wo bí ìyà ṣe ń jẹ àwọn ọmọ ibẹ̀. Ta ló bi wọ́n ní nǹkan kan?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá
11:48 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mi ò ní pe ìkúnlẹ̀ ní àìlágbára láéláé, ìyá tó bí mi náà kúnlẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó ká mi lára ni ọmọ kan tí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún un níka, ó fi àjákù aṣọ wé e, ó sì ń fi ọwọ́ kejì já òwú lára búláòsì. Nígbà tí mo bi í, ó ní kò dun òun. Ọ̀gá rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe pé ọ̀gá náà burú o, òun ló sáré wá ògùn nígbà tí mo sọ fún un. Ọmọ náà ni kò gbà pé òun lè sọ ọ́.

Tíṣà Ifẹ̀
12:30 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ Bàbá lórí àwọn ọmọkùnrin ṣe pàtàkì. Ìwádìí kan wà tí Yunifásítì Johns Hopkins àti Àjọ Ìlera Àgbáyé jọ ṣe, Global Early Adolescent Study lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ọlọ́dún 10 sí 14 ni wọ́n gbájú mọ́. Ilé-Ifẹ̀ níbí wà lára ìlú 15 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, pẹ̀lú Kinshasa, Nairobi, New Delhi, Shanghai, Edinburgh, títí kan Baltimore l'Amẹ́ríkà. Nǹkan bí 450 ọmọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì bá òbí tàbí alágbàtọ́ wọn náà sọ̀rọ̀. Ọdún 2017 ni àbájáde rẹ̀ jáde.

Ohun tí wọ́n rí jọra láti ìlú dé ìlú. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, ààyè ọmọbìnrin á máa há, ti ọmọkùnrin á máa gbòòrò. Òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọbìnrin bí ohun tó yẹ ní ṣíṣọ́: má lọ síbẹ̀, má bá ọkùnrin ṣeré mọ́, tètè wọlé. Wọ́n á sì wo ọmọkùnrin bí alágbára tó lè dá ara rẹ̀ gbé. Àwọn ọmọkùnrin náà ń jìyà èyí, torí wọ́n ń já wọn sílẹ̀ sójú títì, ìjà àti oògùn olóró sì ń bẹ níbẹ̀. Nítorí náà, Bàbá tọ̀nà. Àbẹ̀kẹ́, fi àwọn ọmọ mẹkáníìkì ọlọ́dún kan náà kún un. Tí o bá rí i pé ọmọ iṣẹ́ ọkùnrin náà ò lè sọ pé irin gé òun, a jẹ́ pé ipò ọmọ iṣẹ́ ló fà á. Tó bá jẹ́ ọmọbìnrin nìkan ni ò lè sọ ọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ohun kan tí mo máa ń lò nínú kíláàsì mi rèé. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà, kó ya àdúgbò rẹ̀: ilé, ṣọ́ọ̀bù, ọjà, ilé ìjọsìn, ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ilé ọ̀rẹ́. Kó wá fi bírò pupa yí gbogbo ibi tó lè dá lọ láì tọrọ àyè ká. Kò sí "bẹ́ẹ̀ ni mà" nínú ìyẹn. Mo ti rí ọmọbìnrin tó yí ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ká, tó tún ronú díẹ̀, tó wá pa á rẹ́.

Kẹ́hìndé Onísirò
1:15 ọ̀sán

Mo fẹ́ fi kékeré kan kún un nípa àwọn tó ń sọ ohun tí a fẹ́ gbọ́. Ní ìpínlẹ̀ Haryana ní Íńdíà, wọ́n ṣe ìjíròrò nípa ọkùnrin àti obìnrin fún àwọn ọmọ kíláàsì keje àti ìkẹjọ nínú ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ilé ìwé 314 ló wà nínú ìwádìí náà, nǹkan bí ìdajì wọn ló gba ẹ̀kọ́ yìí fún ọdún méjì ààbọ̀. Àwọn tó ṣe é (Dhar, Jain àti Jayachandran) mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ti kọ́ ní nǹkan máa mọ ìdáhùn tó yẹ kóun fún wọn. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti bi ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àwọn ìbéèrè bíi bóyá ó ti jowú ẹlòmíì rí. Ẹni tó bá ní òun ò jowú rí láyé òun, tóun kì í ṣe àṣìṣe, wọ́n mọ̀ pé ó fẹ́ràn láti hàn bí ọmọ dáadáa. Nígbà tó yá, wọ́n wò ó bóyá irú àwọn ọmọ yẹn ni èrò wọn "yí padà" jù. Wọn ò rí i bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n gba àbájáde wọn gbọ́.

Ohun mìíràn ni pé ìwà àwọn ọmọkùnrin yí ju ti àwọn ọmọbìnrin lọ. Ọmọkùnrin tó bá gbà pé ó yẹ kóun ran ìyá òun lọ́wọ́ lè dìde kó fọ abọ́. Ọmọbìnrin tó bá gbà pé ó yẹ kóun jáde ṣì ní láti tọrọ àyè.

Ìyá Ìbejì Nọ́ọ̀sì
3:02 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró fún mi níbí. Gbogbo yín ń sọ ohun tí ẹ ó bi ọmọ. Kí lẹ ó ṣe tó bá dáhùn?

Mo ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n fipá bá lòpọ̀. Ọmọ ọdún 15 lè má tíì sọ fẹ́nì kankan rí, ìwọ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún, torí o rọra béèrè, o sì wojú rẹ̀. Tí o bá wá pa ìwé rẹ dé, tí o ní "ẹ ṣeun," tí o lọ, o ti dá ọgbẹ́ sí i lára. Kí o tó bi ọmọ kan ṣoṣo ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ní nọ́ńbà ibi tí o máa mú un lọ lọ́wọ́, kí o sì ti bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Irú ibẹ̀ wà báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mirabel Centre tó wà n'Íkẹjà, ọdún 2013 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà sì ti ní tiwọn. Tí o kò bá lè ṣètò yẹn, yọ ìbéèrè náà kúrò. Ìwádìí rẹ á ṣì dúró.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ti gbà wọlé, pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọmọ náà fúnra rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà. Ọ̀gá kì í ṣe òbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, òbí wọn wà lábúlé, nítorí náà ṣírò owó ọkọ̀ rẹ dáadáa. Kí o sì jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀ pé tó bá ní òun ò ṣe mọ́, kò ní sí ìbínú. Jẹ́ kó kọ́kọ́ dán an wò: bi í ní ìbéèrè kan tí kò ṣe pàtàkì, kó kọ̀ láti dáhùn, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọn ò tíì gbà fún pé kó kọ̀ láti ṣe nǹkan rí, àfi kó rí i kó tó gbà gbọ́.

Adéwálé Leeds
6:44 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì wúwo, ẹ ṣeun mà. Èmi fẹ́ fa Bàbá Ọ̀yọ́ wọ inú ọ̀rọ̀ yìí padà, torí ìwádìí kan ní Bangladesh fi hàn pé àwọn bàbá ló yẹ ká lọ bi ní ìbéèrè kan.

Ó wọ́pọ̀ níbẹ̀ kí wọ́n mú ọmọbìnrin lọ́kọ kó tó pé 18. Wọ́n dán nǹkan méjì wò ní ìletò 460. Níbì kan, wọ́n ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọbìnrin láti ró wọn lágbára. Níbòmíì, ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 sí 17 tí kò bá tíì lọ́kọ, wọ́n á fún ilé rẹ̀ ní òróró ìsebẹ̀ ní oṣù mẹ́rin-mẹ́rin títí yóò fi pé 18. Ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ ò dín ìgbéyàwó ọmọdé kù. Òróró dín in kù: láàárín àwọn tó láǹfààní rẹ̀ fún ọdún méjì, ìgbéyàwó kí ọmọ tó pé 18 fi ìpín 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín.

Kì í ṣe pé òróró tó owó. Àlàyé àwọn olùwádìí náà ni pé bàbá tó bá fi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ falẹ̀, àwọn ẹbí ọkọ á máa rò pé ọmọ náà ti ń ṣe tinú rẹ̀, pé kì í ṣe onígbọràn. Torí bẹ́ẹ̀, bàbá tó tiẹ̀ fẹ́ dúró ò lè dúró. Òróró wá fún un ní ìdí tó lè sọ síta láìsí ìtìjú. Ọmọbìnrin náà lè ní gbogbo ìgboyà tó wà láyé, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, tí o bá ń wọn ọkàn ọmọ nìkan, o ò ní rí irú èyí. Bi bàbá rẹ̀ pé: bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ lo ọdún méjì sí i lẹ́nu iṣẹ́ kóun tó lọ́kọ, kí làwọn ará àdúgbò máa sọ?

Bàbá Ọ̀yọ́
7:30 alẹ́

Adéwálé, èyí yé mi, òótọ́ sì ni. Wọn ò ní sọ ọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n wọ́n á sọ ọ́. Nígbà tí ọmọ mi ń kọ́ṣẹ́, àbúrò mi ló ń béèrè lọ́wọ́ mi ṣáá pé kí ni mo ń dúró dè. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é tí mi ò dá a lóhùn. Ẹ bi àwọn bàbá, ẹ má sì bi wọ́n níwájú àwọn ẹbí.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀

Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo jókòó lálẹ́ àná, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tò. Ìtàn owó tó kẹ́yìn wọ ọwọ́ ọmọ ni máa fi ṣáájú, bí Ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, lẹ́yìn náà àwòrán àdúgbò. Máa wo ohun tí ọmọ ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù fún odidi ọjọ́ kan kí n tó bi í ní ohunkóhun. Àwọn ọmọ mẹkáníìkì ti wọlé. Mo yọ ìbéèrè ìfipábánilòpọ̀ kúrò títí máa fi bá ibùdó kan ṣàdéhùn. Àwọn bàbá, ilé wọn ni máa ti bá wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tó kù tí mi ò mọ̀ ni bí mo ṣe máa yan àwọn ọmọ náà. Ṣé kí n kàn máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà
7:50 àárọ̀

Rárá. Àwọn tó ṣẹ́ kù nìkan lo máa bá ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó lóyún, ọmọ tí owó ìwọṣẹ́ rẹ̀ ò pé, ọmọ tó sá lọ, kò sí èyí tó máa wà níbẹ̀ nínú wọn. Kí o sì múra láti padà lọ wò wọ́n. Ní Zomba lórílẹ̀-èdè Malawi, wọ́n fún àwọn ọmọbìnrin lówó lọ́dún 2008 àti 2009. Ìgbéyàwó àti oyún dín kù gan-an láàárín àwọn tí wọn ò sọ fún pé àfi kí wọ́n máa lọ ilé ìwé kí wọ́n tó lè rí owó náà gbà. Owó dúró, àǹfààní yẹn sì pòórá láìpẹ́. Ká ní wọn ò padà lọ, wọn ò bá máà mọ̀.

Ọ̀gá Aránṣọ Bódìjà
9:26 àárọ̀

Àbẹ̀kẹ́, mo ti ń ka èyí láti àná. Ọ̀gá ni mí, mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa. Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìwé kan tí a ń kọ orúkọ ọmọ iṣẹ́ sí, ọjọ́ tó wọlé, ọ̀gá rẹ̀, àti ọjọ́ tó yẹ kó gba òmìnira. Ẹni tí ọjọ́ òmìnira rẹ̀ ti kọjá tí kò sì ṣe é, a máa ń fi ìlà sí i. Àwọn tí ìlà wà lórúkọ wọn yẹn ni kí o wá kiri. Mo mọ ilé àwọn kan lára wọn. Méjì nínú àwọn tèmi ti bímọ, ọ̀kan ń ta omi inú ọ̀rá ní gáréèjì, orí ẹ̀rọ mi ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán kọ́là.

Mú lẹ́tà láti yunifásítì wá, kó ní òǹtẹ̀, kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé o ò ní dárúkọ ọ̀gá kankan nínú ìwé rẹ, torí ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn. Ìpàdé wa tó ń bọ̀, máa bá ọ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú wọn. Àwọn kan máa kọ̀. Mi ò rò pé wọ́n máa pọ̀.